Òkè Lẹ Ń Wò, Ẹ Kò Wo Ìsàlẹ̀

Ọ̀rọ̀ fún àwọn òbí lórí àrùn tí ń ba ìgbáròkó ọmọdé jẹ́, àti iṣẹ́ abẹ tí a lè fi tún un ṣe

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà máa ń sọ. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Amúkùn-ún sì dáhùn pé, "Òkè lẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀." Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lóṣù yìí, nítorí pé àwa fúnra wa ni ó kọ́kọ́ bá wí. Ní ìgbà kan, a tẹjú mọ́ òkè nígbà tí ó yẹ kí a wo ìsàlẹ̀, ọmọ kan ni ó sì ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ san gbèsè náà.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ní ọdún 2004, nígbà tí a ń ṣe àbójútó ìjọ kékeré kan, arábìnrin kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ni. Ó ní, "Dádì, láti àná ni ọmọ yìí kò ti jẹ́ kí n pọn òun mọ́. Bí mo bá ti ní kí n ya ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gbé e sẹ́yìn, igbe ni yóò fi ta." A fi ọwọ́ kan ọmọ náà, ara rẹ̀ gbóná. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ká kò díẹ̀, ó sì dà síta. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń jù bí àwọn ọmọdé ti ń ṣe, ti òsì kò mì rárá.

Kí ni a ṣe? A ta òróró sí i lórí, a gbàdúrà kíkankíkan, a bá ẹ̀mí tí kì í jẹ́ kí ọmọ rìn wí, a sì ní kí ìyá rẹ̀ wá fún àdúrà ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà kan fún ọmọ náà ní Panadol, ibà sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, a pè wọ́n síwájú ìjọ, a jẹ́rìí, a pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò mì. Nílé, ìyá ọkọ arábìnrin náà ń fi omi gbígbóná àti àdí wọ́ ọ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, itan ọmọ náà wú, ó ń dán, ọmọ kò sì gba ọmú mọ́. Ìgbà náà ni a tó fi ọkọ̀ wa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tí ó gbà wá kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ: "Láti ìgbà wo?" A dá a lóhùn. Ó dákẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n gbé ọmọ náà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n la ìgbáròkó rẹ̀, ọyún sì tú jáde. Ọmọ náà yè, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n dókítà náà sọ fún wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pé, "Ọmọ yóò yè. Ìgbáròkó yẹn ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí."

ODÓ ÀTI ỌMỌ ODÓ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo odó tí a fi ń gúnyán. Bí orí ọmọ odó ti ń yí nínú odó, bẹ́ẹ̀ ni orí eegun itan wa ti rí nínú ihò tí ó wà lára eegun ìbàdí. Roboto ni orí eegun náà, ihò sì gbà á dáadáa. Àpò kan tí ó le yí oríkèé náà ká. Nínú àpò yìí ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíńtín ń gbà lọ bọ́ orí eegun.

Ní ti ọmọ ọwọ́, orí eegun yìí kò tíì di eegun líle. Ó rọ̀ bí èyí tí ó wà ní etí wa. Nítorí náà, kí ọmọ tó pé bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, X-ray kì í sábà fi í hàn. Nísàlẹ̀ orí eegun náà ni ibi tí eegun ti ń dàgbà wà, níbi tí gígùn ti ń wọlé sí i.

Báwo ni àrùn ṣe ń débẹ̀? Kòkòrò àrùn lè gba ojú ìdodo ọmọ tuntun wọlé, tàbí ojú eéwo, tàbí ojú ọgbẹ́ kékeré kan tí a kò kà sí. Yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e lọ sí ìpẹ̀kun eegun. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Staphylococcus aureus. Àwọn ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà nínú ewu yìí ju àwọn yòókù lọ, kòkòrò mìíràn tí a ń pè ní Salmonella sì sábà máa ń bá eegun tiwọn jà. Ní ìgbáròkó, ìpẹ̀kun eegun itan wà nínú àpò oríkèé. Bí àrùn bá bẹ́ nínú eegun, inú oríkèé ni ó ń bẹ́ sí.

Ohun méjì ni ọyún ń ṣe níbẹ̀. Èkíní, ó ń jẹ eegun rírọ̀ náà. Èkejì, bí ó ti ń pọ̀ sí i nínú àpò tí kò lè fẹ̀, ó ń fún àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, ebi sì ń pa orí eegun títí yóò fi kú. Bí ọyún bá dé ibi tí eegun ti ń dàgbà, ẹsẹ̀ náà kò ní gùn bí èkejì rẹ̀ mọ́. Bí àpò bá sì kún jù, orí eegun lè yẹ̀ kúrò nínú ihò. Ará, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oṣù, kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ wákàtí àti ọjọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwa fi ṣòfò.

Àrùn yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1874, dókítà kan tí ń jẹ́ Thomas Smith, ní ilé ìwòsàn St Bartholomew's ní ìlú London, kọ̀wé nípa rẹ̀ lára àwọn ọmọ ọwọ́. Títí di òní, àwọn dókítà kan ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn náà. Ní ayé ìgbà náà, kò sí oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn. Ọdún 1941 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi penicillin tọ́jú aláìsàn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni ó kú. Lónìí, bí a bá tètè gbé ọmọ lọ, a lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là, a sì lè gba ẹsẹ̀ rẹ̀ là pẹ̀lú.

ÀMÌ TÍ Ó YẸ KÍ GBOGBO ÌYÁ MỌ̀

1. Ọmọ ọwọ́ tí kò jẹ́ kí a pọn òun, tàbí tí ó ń ké bí a bá ya ẹsẹ̀ rẹ̀ láti pààrọ̀ pámpásì.

2. Ẹsẹ̀ kan tí kò mì, nígbà tí ọmọ ń ju èkejì.

3. Ẹsẹ̀ tí ó ká kò, tí ó sì dà síta, tí ọmọ kò fẹ́ kí a nà án.

4. Ọmọ tí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀, tí ó ṣàdédé kọ̀ láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

5. Ibà pẹ̀lú èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: ọmọ tuntun lè ní àrùn yìí kí ara rẹ̀ má gbóná rárá. Bí Panadol bá sì mú ibà lọ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọyún ti lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe gbogbo ọmọ tí ó bá ń tiro ní ẹni tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú. Wọ́n yàtọ̀ síra. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ ẹsẹ̀ di aláìlágbára, ó máa ń rọ jọ̀bọ̀tọ̀. Ti ìgbáròkó yìí, ìrora ni ó ń dá ẹsẹ̀ dúró.

Ní ọdún 1999, Dókítà Mininder Kocher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, gbé ohun mẹ́rin jáde tí dókítà lè fi mọ ọyún inú ìgbáròkó yàtọ̀ sí ìrora tí ń lọ fúnra rẹ̀: kí ọmọ kọ̀ láti tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ibà rẹ̀ ju 38.5 lọ, àti ohun méjì tí a ń rí nínú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọyún ni. Ẹ kíyè sí i pé ìyá lè rí méjì nínú mẹ́rin yìí nínú ilé rẹ̀, kí ó tó rí dókítà.

IṢẸ́ ABẸ ÀKỌ́KỌ́

Nílé ìwòsàn, dókítà lè kọ́kọ́ ṣe scan, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ fa omi inú oríkèé wò. Bí ó bá rí ọyún, kò ní dúró di ọ̀la. Wọn yóò fún ọmọ ní oògùn akunnilóorun, wọn yóò la àpò náà, wọn yóò fa ọyún jáde, wọn yóò sì fọ inú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni oògùn tí ń pa kòkòrò, láti ojú iṣan lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà láti ẹnu, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n lè fi P.O.P. dè é láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, kí orí eegun má bàa yẹ̀ kúrò nínú ihò.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe ni pé, bí ojú abẹ bá ti jinná, wọn kì í padà lọ mọ́. Ọmọ kò tíì rìn, ta ni yóò mọ̀ pé nǹkan kù? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa lọ ní gbogbo ìgbà tí dókítà bá dá fún yín. Ìgbáròkó tí ó ti gba ọyún rí, a gbọ́dọ̀ máa wò ó títí ọmọ yóò fi dàgbà tán, nítorí pé àbùkù tí ó fara pamọ́ ní ọmọ ọdún kan lè jáde gbangba ní ọmọ ọdún mẹ́wàá.

BÍ Ó BÁ TI PẸ́ ŃKỌ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa wà lónìí gan-an. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ní irú ọmọ yìí nínú ilé, tí wọ́n sì ti gbà pé kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́. Ohun tí a lè ṣe wà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ tí ó yẹ fún ọmọ kan lè má yẹ fún èkejì, nítorí pé ìbàjẹ́ náà kò rí bákan náà. Ní ọdún 1990, Dókítà In Ho Choi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ ní èdè ilé wa.

Èkíní: orí eegun ṣì wà, ó kàn lè tóbi díẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ni. Irú èyí kì í sábà fẹ́ iṣẹ́ abẹ. A ó kàn máa ṣọ́ ọ.

Èkejì: orí eegun wà, ṣùgbọ́n kò roboto mọ́, tàbí ọrùn eegun kúrú, tàbí ó ń wọ́ bí ọmọ ti ń dàgbà. Níhìn-ín, dókítà lè gé eegun itan, kí ó tún un tò kí orí lè dojú kọ ihò dáadáa, kí ó sì fi irin dì í mú. Bí ihò kò bá jìn tó, ó lè gé eegun ìbàdí, kí ó yí i bo orí eegun bí ẹní fa òrùlé síwájú kí òjò má bàa wọlé. Ọ̀kan nínú irú iṣẹ́ yìí ni Dókítà Robert Salter ti ìlú Toronto, ní Kánádà, gbé jáde ní ọdún 1961.

Ẹ̀kẹta: ọrùn eegun ti já kúrò lára itan, kò sì so pọ̀ mọ́. Dókítà yóò tún un tò, yóò sì bu eegun díẹ̀ láti ìbàdí ọmọ náà fúnra rẹ̀, yóò fi dí àárín rẹ̀ kí wọ́n lè so pọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó le jù: orí eegun ti lọ, ọrùn ti lọ. Odó wà, ọmọ odó kò ní orí. Bí irú ọmọ yìí bá ń rìn, ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí pé itan rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fara tì. Fún ọmọ tí ó ṣì kéré, dókítà lè mú kókó eegun tí ó yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, èyí tí ọwọ́ wa lè kàn, kí ó tì í bọ inú ihò kí ó lè máa ṣe iṣẹ́ orí eegun. Ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kan, ṣùgbọ́n ìgbáròkó náà lè le gan-an, ó sì lè tún yẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nítorí èyí, àwọn dókítà mìíràn yàn láti dúró, kí wọ́n fi bàtà gíga ran ọmọ lọ́wọ́ títí yóò fi tó bí ọmọ ọdún méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà náà, wọn yóò gé eegun itan lápá òkè, wọn yóò sì yí i kí ó lè fara ti eegun ìbàdí. Ẹ ti rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó so, tí ó fẹ́ wó, tí a wá fi igi tì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ abẹ yìí rí. Kò dá orí eegun padà, ṣùgbọ́n ara kò ní máa gbọ̀n bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn kan ń béèrè nípa ìgbáròkó onírin tí a ń fi sí ara àwọn àgbà. Òótọ́ ni pé ó wà. Dókítà John Charnley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ẹsẹ̀ irú rẹ̀ tí ó dára múlẹ̀ ní ọdún 1962. Ṣùgbọ́n eegun ọmọdé ń dàgbà, irin kì í dàgbà, irin náà sì ń jẹ bí a ti ń lò ó. Àgbà ni a sábà ń ṣe é fún.

Ohun kan ni gbogbo wọn fi jọra: dókítà kì í ṣe iṣẹ́ àtúnṣe wọ̀nyí nígbà tí àrùn ṣì wà nínú eegun. Ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé kòkòrò ti kú tán. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ dúró fún oṣù mélòó kan, kì í ṣe pé wọ́n lé yín.

ẸSẸ̀ TÍ Ó KÚRÚ

Bí ẹsẹ̀ bá kúrú tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, bàtà tí a gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè lè tó. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, tí ọmọ sì ṣì ń dàgbà, dókítà lè dá ìdàgbà eegun ẹsẹ̀ tí ó gùn dúró kí èyí tí ó kúrú lè bá a. Dókítà Dallas Phemister ti ìlú Chicago ni ó kọ̀wé nípa ọ̀nà yìí ní ọdún 1933. Àwọn òbí máa ń bẹ̀rù rẹ̀: "Ẹsẹ̀ tí ó dára ni ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn?" Ẹ má bẹ̀rù. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ní àkókò tirẹ̀. Bí ọmọ bá ti dàgbà tán, àǹfààní náà ti kọjá.

Bí kíkúrú náà bá pọ̀, a lè fa ẹsẹ̀ gùn. Láti ọdún 1951 ni Dókítà Gavriil Ilizarov ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní ìlú Kurgan, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Dókítà yóò gé eegun, yóò fi òrùka irin yí ẹsẹ̀ ká láti òde, yóò sì fi àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ eegun. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, a ó máa yí irin náà díẹ̀díẹ̀, mìlímítà 1 lójúmọ́, ní ìdá mẹ́rin-mẹ́rin. Bí àlàfo náà ti ń fẹ̀, Ẹlẹ́dàá ti ṣe é kí eegun tuntun máa hù dí i. Ìyanu Ọlọ́run ni èyí pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sípánà ni a fi ń ṣe é.

ỌMỌBÌNRIN NÁÀ

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè wà ní ọ̀nà kẹrin. Ní ọdún 2008, dókítà ya fọ́tò X-ray, ó fi hàn wá: ihò wà, orí eegun kò sí. Abánáṣiṣẹ́ kan nínú ìjọ bá a gbé bàtà rẹ̀ sókè. Lọ́dọọdún ni a ń gbé e sí i. Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ẹsẹ̀ òsì ti fi sẹ̀ǹtímítà 6 kúrú. Bí ó bá gbé garawa omi, idajì ni yóò gbé délé. Ẹ̀yìn ń dùn ún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sín in jẹ.

Ní ọdún náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n gé eegun lókè kí ó lè fara ti ìbàdí, wọ́n sì gé e nísàlẹ̀ láti fà á gùn. Ìyá rẹ̀ ni ó ń yí irin náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́: láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, àti kí wọ́n tó sùn. Àádọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi fa sẹ̀ǹtímítà 5. Lẹ́yìn èyí, irin náà ṣì wà lára rẹ̀ kí eegun tuntun lè le, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ oṣù méje. Kò rọrùn. Ojú ibi tí irin gbà wọlé kẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Orúnkún le, àwọn físíò sì ń ká a tẹkúntẹkún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ní kí ìyá òun má yí i mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun máa tiro lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í, àwọn méjèèjì sunkún, lẹ́yìn náà ó yí i.

Ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún báyìí, ó ń ránṣọ. Ṣé ó rìn bí ẹni tí nǹkan kò ṣe rí? Rárá o, a kò ní purọ́ nínú ìwé ìròyìn ìjọ. Ìgbáròkó òsì rẹ̀ kò ká bí ti ọ̀tún, kò lè lóṣòó pẹ́, ẹsẹ̀ náà sì ṣì fi díẹ̀ kúrú. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í gbọ̀n mọ́, ó ń dúró nídìí iṣẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, bí ó bá sì gbé omi, omi ń délé.

A lọ bá ìyá rẹ̀, a bẹ̀ ẹ́ nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án wọ̀nyẹn. A retí pé yóò ní kí a má dà á rò. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo ti forí jì yín tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn tó kù." Ìdí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

ÌBÉÈRÈ TÍ ÀWỌN ÒBÍ Ń BÉÈRÈ

Ta ni ó fi ṣe ọmọ wa? Ẹ rántí Mefiboṣeti, ọmọ Jónátánì, nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá, tí ó sì bọ́ sílẹ̀, tí ó fi yarọ. Nígbà tí Dáfídì Ọba rí i, kò béèrè ẹni tí ó jẹ̀bi. Ó fún un ní ìjókòó nídìí tábìlì. Kòkòrò ni ó fa ti ọmọ yín. Ẹ má fi ìyá ọkọ tàbí orogún jẹ̀bi, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ máa gbọ́ pé òun ni ègún ìdílé.

Ṣé kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun? Eegun tí ó ní ọyún nínú kò ṣẹ́. Fífà á àti wíwọ́ ọ ń dá kún ìrora, ó sì ń jẹ́ kí àkókò lọ.

Ibo ni kí a lọ? Ilé ìwòsàn tí ó bá sún mọ́ yín jù lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ, ẹ má dúró de èyí tí ó tóbi. Ní ti iṣẹ́ àtúnṣe, ẹ béèrè fún dókítà eegun. Ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìgbóbì l'Ékòó. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀. Ẹ̀ka tí ń tọ́jú eegun wà ní U.C.H. Ìbàdàn àti ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì pẹ̀lú. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi dókítà: Irú ìbàjẹ́ wo ni? Iṣẹ́ abẹ mélòó ni yóò jẹ́? Kí ni ọmọ yóò lè ṣe, kí ni kò ní lè ṣe? Èló ni, oṣù mélòó ni?

Ṣé kí a fi àdúrà sílẹ̀ ni? Kí á má rí i. Nígbà tí eéwo mú Hesekáyà Ọba, tí Ọlọ́run sì ti ṣèlérí pé yóò yè, wòlíì Àìsáyà ṣì ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú eéwo náà. Ìlérí àti oògùn kò bá ara wọn jà.

OHUN TÍ A Ń ṢE NÍSINSIN YÌÍ

Láti ọdún 2004, òfin kan wà nínú ìjọ tí a bá ń ṣe àbójútó. Bí ìyá kan bá gbé ọmọ tí kò mi ẹsẹ̀ wá, tàbí ọmọ tí ó ní ibà tí kò sì fẹ́ tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, a kì í dá ọjọ́ àdúrà fún un. Inú ọkọ̀ ni a ti ń gbàdúrà, bí a ti ń lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní owó díẹ̀ nípamọ́ fún ọkọ̀ àti káàdì, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ń dúró di òpin oṣù. Fún ìdílé tí ọmọ wọn wà nínú irin tàbí P.O.P., a ń pín oúnjẹ sísè láàárín ara wa, nítorí pé oṣù méje gùn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti ń tiro láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ má fi í pamọ́ sílé. Ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dàgbà tán. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ọwọ́, bí ẹ bá fẹ́ pọn ọmọ lálẹ́ òní, tí ó sì figbe ta, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀.

Kí Olúwa pa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa mọ́. Kí ó sì fún àwa tí a ń ṣe àbójútó wọn ní ojú tí ń ríran. Àmín.